Ìdajì Wákàtí fún Ojú Pihla

Ẹsẹ̀ àwọn arúgbó Kemijärvi, ìlú yìnyín kan ní ìhà àríwá ayé, máa ń dán, iṣẹ́ ọwọ́ Pihla sì ni. Láàárọ̀ kùtù, kí ojúmọ́ tó mọ́ (bó bá tilẹ̀ máa mọ́, nítorí nínú oṣù kìíní ọdún lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn a máa yọjú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, á sì tún padà wọlé), Pihla á ti wà nínú mọ́tò, á máa lọ láti ilé dé ilé. Á wẹ ẹni tí kò lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Á fi aṣọ ìnura tẹ omi ara wọn gbẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á bu ìpara sí àtẹ́lẹwọ́, á jẹ́ kí ooru ọwọ́ yọ́ ọ, á wá fi pa ojúgun, á fi pa ìgúnpá, á fi pa gìgísẹ̀. Kò sí arúgbó kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ là.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Pihla pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ tó sì fi omi lásán bọ́jú kó tó sùn kẹ́yìn, kò rántí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó láti bọ́ bàtà, ibẹ̀ ni oorun á ti gbé e lọ, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́, àtíkè àti tìróò àárọ̀ ṣì wà lójú. Bó bá jí, á rẹ̀ ẹ́ ju ìgbà tó sùn lọ. Kì í ṣe àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn tán. Èyí tó ń bá ènìyàn dìde, tó ń bá a wọ ẹ̀wù, tó ń jókòó tì í nínú mọ́tò ni.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan. Pihla wo dígí, ó rí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó rẹ́rìn-ín, ìlà náà jinlẹ̀. Ó dákẹ́, ìlà náà kò lọ. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ó rántí ìgò kéékèèké márùn-ún tó rà láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń sọ pé ẹni tó bá ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ fi ojú rẹ̀ ṣeré mọ́. Ọ̀kan ń bó awọ tó ti gbó. Ọ̀kan kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀kan ń mú ojú dán, ọ̀kan ń lé ìlà, èkarùn-ún ń yọ̀ bí omi ilá. Wọ́n kọ ọ́ sára wọn pé ẹyọ kan ni kí ènìyàn kọ́kọ́ lò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó wo bí yóò ti bá awọ ara rẹ̀ mu.

Pihla ní ta ló ní àyè ìyẹn. Ó fẹ́ fi alẹ́ kan ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ó fi márààrún kunjú tẹ̀lé ara wọn, ó sì sùn.

Nígbà tó jí, ojú rẹ̀ pupa bí ẹni tó sún mọ́ ààrò jù. Ó bu omi gbígbóná bọ́ ọ, ó fi èyí tó ń yọ̀ yẹn pa á, ó wọ ẹ̀wù, ó sì jáde lójú ẹsẹ̀. Òtútù ọjọ́ náà fi ìwọ̀n mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ sísàlẹ̀ òdo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ló fi dúró níta, tó ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì mọ́tò, ojú tútù, ìpara tí ó jẹ́ omi lásán. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Kemijärvi kò jẹ́ ṣe irú ẹ̀. Omi tí ènìyàn bá gbé sójú jáde nínú òtútù bẹ́ẹ̀, ojú náà ló ń dì sí.

Kó tó dé ilé kẹta, ojú rẹ̀ ti ń ta. Lálẹ́, ó là. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ń ṣomi pupa rẹ́súrẹ́sú.

Raili, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Pihla! Ta ló nà ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, ọ̀gá. Ìpara ni."

"Ìpara? Ìpara wo ló ń hu eyín?"

Raili mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wò ó títí, ó mi orí. Ó ní egbò náà lè ti kó kòkòrò, àti pé kó tó gbẹ, Pihla kò gbọdọ̀ wẹ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ó fún un ní òògùn kan láti máa fi pa ojú egbò, ó ní kí ó kó gbogbo ìgò yẹn tì.

"Ọjọ́ mélòó?" Pihla bi í.

"Ọ̀sẹ̀ kan. Bó o bá tún ṣe wèrè sí i, méjì."

Ẹlòmíràn ìbá yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan láti sùn! Ṣùgbọ́n àyà Pihla já, nítorí Màmá Aune.

Màmá Aune jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, òun nìkan ló ń gbé inú ilé igi kan létí adágún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gbé e. Ìlú ní kí àwọn olùtọ́jú máa wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú sáúnà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ilé ooru kékeré tí wọ́n ń fi igi dáná sí. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ òun àfi Pihla. Ó ti fi ìdì ewé tí wọ́n fi ń na ara nínú sáúnà lé ènìyàn méjì jáde, ọ̀kan nínú wọn sì sá gba inú yìnyín lọ láìwọ bàtà. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì yìí gan-an, ní ọ̀sán, àwọn ará ọ́fíìsì ìlú ń bọ̀ wá wo bóyá Màmá ṣì lè máa gbé nílé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá bá a láìwẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ pé kò gba ìtọ́jú, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé àwọn arúgbó, ní ìlú, ní àjà kẹta, níbi tí kò ti ní rí adágún.

"Ọ̀gá, ta ni yóò wẹ Màmá?" Pihla bèèrè.

"Sirkka."

"Kò ní gbà."

"Kó yáa gbà. Lọ sílé, Pihla. Ìwọ fúnra rẹ dàbí ẹni tó yẹ kí wọ́n wẹ̀."

Pihla lọ sílé. Ó dùbúlẹ̀, oorun kò wá. Ó pe Màmá lórí fóònù, ó ṣàlàyé. Màmá ní, "Ó dáa. Màá dọ̀tí dè ẹ́." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Sirkka lọ. Sirkka jẹ́ obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ó lé, ó sanra, inú rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní agogo mẹ́wàá, fóònù Pihla dún.

"Pihla, ó tilẹ̀kùn mọ́ mi."

"Ẹ kàn án dáadáa, Àǹtí Sirkka."

"Kíkàn wo? Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé! Ó jókòó, ó ń mu kọfí, ó sì ń juwọ́ sí mi bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ní, 'Màmá Aune, Sirkka ni.' Ó ní, 'Mo gbọ́, gbogbo adágún ti gbọ́.' Irun imú mi ti dì, ọmọdé yìí. Mò ń lọ o."

Ni Pihla bá mọ̀ pé àfi kí òun fúnra òun lọ bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ó wakọ̀ lọ, ó kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Màmá, mi ò wá ṣiṣẹ́ o. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn yín. Àlejò ni mo jẹ́ lónìí."

"Àlejò a máa wọlé. Ooru ń jáde."

Pihla jókòó létí ilẹ̀kùn, ó jìnnà sí i. Màmá Aune gbé awò ojú sí i, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Héè! Ta ló bó ẹ bí ọ̀dùnkún?"

"Èmi náà ni, Màmá."

"Kí lo fi bó o?"

Pihla ka ìgò márààrún fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtìjú.

"Márùn-ún? Lálẹ́ kan? Sójú ẹyọ kan?" Màmá da ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. "Pihla, bí mo bá da kọfí, ẹja, súgà àti ọṣẹ sínú ìkòkò kan, ṣé wàá mu ún?"

"Rárá, Màmá."

"Ojú rẹ lo fi mu ún!"

Pihla fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ta á, ó dá a dúró. Ó sọ ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé fún un, omi gbígbóná, ìpara olómi, yìnyín tó dúró ń ha lójú mọ́tò. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lójú Màmá.

"Nínú òtútù yẹn? Ìwọ tí wọ́n bí níbí? Ìyá rẹ kò kọ́ ẹ ni?"

"Ó kọ́ mi."

"Kí ló wá dé?"

Pihla wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí, Màmá."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Màmá Aune fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìkòkò omi lórí ààrò.

"Bu omi yẹn sínú abọ́. Lú u pọ̀ mọ́ tútù. Kó má gbóná, kó má tutù, kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó dáa. Èmi náà kò ní fọwọ́ kàn ẹ́, ẹnu ni màá fi wẹ̀ ẹ́ lónìí. Bọ́ ẹ̀wù òtútù yẹn. Bu omi sójú. Háà, háà, háà! Ta lò ń bá jà?"

"Mò ń bọ́jú ni, Màmá."

"O ń fọ ìkòkò ni. Báwo lo ṣe ń wẹ ẹ̀yìn mi?"

Pihla dúró, omi ń kán láti ìka rẹ̀.

"Rọra," ó dáhùn.

"Ojú rẹ kò burú ju ẹ̀yìn mi lọ. Wẹ̀ ẹ́ bí o ṣe ń wẹ̀ mí."

Pihla rọra. Ó jọ pé ó kọ́kọ́ ń ṣòro fún un, ọwọ́ tó mọ ara ogún ènìyàn kò mọ ara ẹni tó ni ín. Ó fi ìka fa omi láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, ó yí egbò ká bí ẹni tó ń yí ibi tí ọmọ ń sùn sí ká. Màmá Aune sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, orin tó máa ń kọ nínú sáúnà nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án lẹ́yìn:

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, yí mi ká o,
Má ta mí, má jó mi,
Ojú tí mo gbé jí láàárọ̀,
Òun ni mo fẹ́ gbé sùn lálẹ́ o.

"Tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́, mi ò ní kí o nù ún. Òògùn nọ́ọ̀sì dà? Fi í sójú egbò. Ìyókù ojú, wo orí pẹpẹ yẹn, agolo aláwọ̀ ewé."

Inú agolo náà ni ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa ọmú màlúù kí wọ́n tó fún wàrà. Màlúù ti kúrò nílé Màmá fún ogún ọdún, ọ̀rá kò kúrò. Kò sí ilé kan ní agbègbè yẹn tí kò ní i. Ìyá a fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kí ọmọ tó jáde nínú òtútù, nítorí kò sí omi nínú rẹ̀ tó lè dì.

"Wàyí o, jókòó. Ìdajì wákàtí. Jẹ́ kó wọlé tán kí òtútù tó bá a."

"Mi ò ní ìdajì wákàtí láàárọ̀, Màmá."

"Se kọfí rẹ níbẹ̀. Wọ ṣòkòtò rẹ níbẹ̀. Bú ọ̀gá rẹ níbẹ̀. Á pé. Lálẹ́, bọ́jú rẹ kí o tó bọ́ bàtà, torí bí o bá ti jókòó, o ti tán nìyẹn, mo mọ̀ ẹ́. Omi, ọṣẹ tí kò ta, ìpara kan. Ẹyọ kan! Bí oòrùn bá padà dé nínú oṣù kẹta, tó ń tàn lórí yìnyín, ra èyí tó ń dí oòrùn kún un. Ó parí. Èwo ló tún kù?"

Màmá Aune wo ẹnu ọ̀nà. Pihla ti sùn níbi tó jókòó sí, ó fi orí ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán fún ọ̀rá.

Nígbà tó lajú, ilẹ̀ ti ṣú, iná ààrò ti rẹlẹ̀. Màmá ṣì jókòó síbi tó wà. Kò mira, torí pé bó bá dìde, ọ̀pá rẹ̀ yóò ró lórí pákó.

"Màmá! Wákàtí mélòó ni mo fi sùn?"

"Mẹ́ta. Wò ó, ọjọ́ wo lo máa ń sinmi?"

"Èmi kẹ̀? Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta lo máa ń wá wẹ̀ mí."

Pihla na ọwọ́ mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Mo ní, ọjọ́ Àbámẹ́ta lo máa ń wá. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé ẹ wá ni?"

"Àwọn mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Màmá. Ẹ lé wọn. Mo wá ní, ẹ jẹ́ kí n máa wá fúnra mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ìkórè ọ̀dùnkún èṣí."

Màmá Aune ká ìka rẹ̀, oṣù kan sí òmíràn, ó sì dá ọwọ́ dúró lágbede méjì.

"O tàn mí jẹ."

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

"Ta ló ń bi ènìyàn bóyá ó ń sinmi? Ojú ló yẹ kí n fi rí i!" Ó bínú, kò sì jọ pé Pihla ló ń bínú sí. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí kò ti sí nǹkan kan àfi òkùnkùn àti adágún tó dì. "Mo rò pé àwọn tí kò mọ ènìyàn wẹ̀ ni mò ń lé. Oorun rẹ ni mò ń lé kiri."

"Màmá, mo fẹ́ràn kí n máa wá."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí fóònù Pihla. "Pe aláriwo yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Sirkka dé ní agogo mẹ́jọ. Ó dáná sáúnà, ó gbé omi. Pihla jókòó nínú ilé, wọn kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan igi kan. Ó ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá Aune, ẹ gbé apá sókè, bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi obìnrin náà ní apá báyìí, ó bọ́ láti orí àkàbà, ọdún tó..."

"Sirkka, ṣé ẹnu lo fi ń wẹ ènìyàn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá!"

"Mo ní kí o wá, mi ò ní kí o mú àbúrò rẹ wá. Da omi sórí òkúta gbígbóná yẹn, kí ooru rú. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Áà." Nígbà tó pẹ́ díẹ̀: "Ọwọ́ rẹ dáa."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ìyá mi náà ló máa ń..."

"Sirkka."

"Mo ti dákẹ́."

Kò dákẹ́. Ṣùgbọ́n orin bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn gbígbó Màmá, lẹ́yìn náà ohùn Sirkka tó ń ṣìnà ní gbogbo ìlà. Pihla gbọ́ ọ. Nǹkan kan dùn ún nínú, bí ìgbà tí wọ́n bá gba ẹrù wíwúwo lórí ènìyàn tí ọrùn kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn náà, ọrùn rẹ̀ mọ̀.

Ní ọ̀sán, àwọn ará ọ́fíìsì ìlú méjì dé, obìnrin kan tó mú ìwé lọ́wọ́ àti ọkùnrin kan tó ń fọn imú. Wọ́n bá Màmá Aune nídìí tábìlì, awọ rẹ̀ pupa, ó mọ́, irun rẹ̀ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́bàá ààrò. Obìnrin náà bèèrè ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́.

"Sirkka," Màmá wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni kó wá, mi ò ní tilẹ̀kùn. Kọ ọ́. Bí ti ọmọ yẹn bá san, kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìkan. Kò gbọdọ̀ wá lọ́jọ́ tó bá ń sinmi. Kọ ìyẹn náà, kí o sì fa ìlà sí i nídìí."

Obìnrin náà kọ ọ́. Ó wo ẹsẹ̀ Màmá, ó wo ilẹ̀, ó bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní Màmá lè wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹfà, àwọn yóò tún wá wò ó nígbà náà.

"Oṣù kẹfà dáa," ni Màmá Aune wí. "Ẹja á ti wà."

Ọkùnrin náà wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó rí ojú Pihla, ìdajì pupa, ìdajì ń dán.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló ṣe ọ́ lójú?"

"Fi í sílẹ̀," Màmá Aune wí. "Ó wà nínú ìsinmi. Má bi í ní nǹkan kan."

Kọfí ti hó, omi rẹ̀ ń ta sórí ààrò. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Orúnkún Pihla fẹ́ dìde bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e, ó sì jókòó. Sirkka ló lọ gbé e.